Kí Wọ́n Tó Kan Ilẹ̀kùn: Ìgbà Èwe àti Iṣẹ́ Orin Jeannie Robertson



Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ará Aberdeen ni, ìlú ńlá etí òkun kan ní ìlà-oòrùn àríwá Scotland, níbi tó jẹ́ pé akọ òkúta eléérú ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀. Jeannie Robertson lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1908, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà, 1975. Kì í lu ìlù, kì í ta gìtá. Ohùn lásán ló fi ń kọrin, ohùn tó nípọn, tó lọ sísàlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ obìnrin lọ. Ohùn yẹn náà ló sọ ọ́ di ẹni tí àwọn onímọ̀ orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá kiri.

Ọdún 1953 ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, nítorí ọdún yẹn ni ẹnì kan láti yunifásítì wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n kan ilẹ̀kùn yẹn, Jeannie ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó ti wà nílé ọkọ, ó ti bímọ, ó sì ti ń kọrin láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ̀ ọ́n ní olórin. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé etí wọn. Bí a bá wá ń sọ pé 1953 ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a ti fi ìdajì ìgbésí ayé obìnrin yìí ṣòfò, ìdajì tí orin náà ti dàgbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ilé tó ti jáde wá. Ọmọ àwọn Arìnrìn-àjò ilẹ̀ Scotland ni. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fi ń pè wọ́n nígbà náà kò jìnnà sí èébú, n kò sì ní tún un pè níhìn-ín. Ìran tí kì í fìdí kalẹ̀ sójú kan ni wọ́n, láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin wọn ń fi páànù rọ ife, korobá àti abọ́, wọ́n ń lẹ èyí tó bá jò. Wọ́n ń ra ẹṣin, wọ́n ń tà á. Wọ́n ń wá péálì nínú odò. Àwọn obìnrin wọn ń kiri agbọ̀n, ìgbálẹ̀ àti ọjà wẹ́wẹ́ láti ilé àgbẹ̀ kan dé òmíràn. Bí àsìkò iṣẹ́ oko bá tó, tọkùnrin tobìnrin á gba iṣẹ́ àgbàṣe: wọ́n á fa ọ̀gbọ̀, wọ́n á wa pòtétò, wọ́n á ká èso. Àwọn àgbẹ̀ nílò wọn gidigidi, síbẹ̀ inú àgbẹ̀ kì í dùn bí wọ́n bá pẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Òfin ilẹ̀ náà wà lẹ́yìn onílẹ̀. Láti 1865 ni ìjọba ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni pàgọ́ tàbí kó dáná sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ. Fún ẹni tí àgọ́ jẹ́ ilé rẹ̀ tí iná ìta sì jẹ́ ààrò rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń sọ fún un.

Òfin kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí òun ló ya ojú ọ̀nà ìgbà èwe Jeannie. Ní 1908 gan-an, ọdún tí wọ́n bí i, ìjọba ṣe òfin kan lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Òfin náà ní òbí tó bá ń kó ọmọ rẹ̀ kiri, tí ọmọ náà kò fi ráyè kẹ́kọ̀ọ́, yóò jẹ̀bi. Àfi bí ọmọ náà bá ti fara hàn ní kíláàsì, ó kéré tán, ìgbà 200 láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí oṣù Ẹrẹ́nà. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ti san gbèsè ilé-ìwé nígbà òtútù, wọ́n lè máa lọ sójú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ìdílé Arìnrìn-àjò bá pín ọdún sí méjì. Nígbà tí yìnyín bá ń já, inú ìlú ni wọ́n wà, nínú yàrá tó há, ládùúgbò àwọn tálákà. Bí ọjọ́ bá ti ń gùn, wọ́n á kó ẹrù, wọ́n á dojú kọ ìgbèríko.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé Jeannie náà ṣe. Aberdeen nígbà òtútù; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbèríko tó yí ìlú náà ká. Ìjọba tó ṣe òfin yìí kò ní orin lọ́kàn rárá, kí wọ́n sọ àwọn ènìyàn yìí di onílé ni wọ́n ń wá. Àmọ́ ohun tó tibẹ̀ jáde ni pé ọmọ kan gbọ́ orin ìgboro, ó sì gbọ́ orin oko. Lójú ọ̀nà, ó gbọ́ orin àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi ẹṣin túlẹ̀, tí wọ́n ń sùn pọ̀ nínú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ ẹran, tí wọ́n ń fi orin bú ọ̀gá tó láhun. Ní Aberdeen, ó gbọ́ orin ọmọdé, orin ọmọ ogun, orin ilé ìṣeré. Nígbà tí wọ́n wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níkẹyìn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: orin ìtàn tó gùn, orin ìfẹ́, orin ẹ̀fẹ̀, àti àwọn kan tí n kò lè sọ ohun tó wà nínú wọn níwájú àwọn àlùfáà tó bá wa jókòó yìí. Ó tún mọ àlọ́ pa. Ẹnu kan náà ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ ọ jù lọ ni ìyá rẹ̀, Maria Stewart. Ọwọ́ ìyá yìí ni Jeannie ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin ìtàn ńlá tó sọ ọ́ di olókìkí, jálẹ̀ ayé rẹ̀ ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbígbọ́ ló fi kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n bá pàgọ́ sáàárín Arìnrìn-àjò mìíràn, tí iná bá ti ràn, tí oúnjẹ alẹ́ ti wọlé, orin àti àlọ́ ló kù, olúkúlùkù ló sì ń mú tirẹ̀ wá. Ọmọdé tó bá jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ kan, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó mọ agboolé oníjàálá tàbí ti asunrárà láàárín yín kò ní bi mí pé yunifásítì wo ni Jeannie lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú orin kan ṣoṣo, kí ẹ lè mọ ìwọ̀n ohun tó wà lọ́wọ́ ìyá yìí. Àwọn Arìnrìn-àjò ń pè é ní Son David. Nínú ìwé, Edward ni wọ́n ń pè é. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ìyá kan rí ẹ̀jẹ̀ lára ohun ìjà ọmọ rẹ̀, ó bi í léèrè ẹ̀jẹ̀ ohun tó jẹ́. Ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ ẹran òun ni. Ìyá kò gbà. Ọmọ tún dárúkọ ẹranko mìíràn, ìyá tún kọ̀. Nígbà tí irọ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó jẹ́wọ́: arákùnrin òun tí wọ́n jọ bí lòun pa. Ó ní òun máa wọ ọkọ̀ tí kò nísàlẹ̀, òun ò sì ní padà wálé mọ́. Ó tán. Kò sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń ròyìn fún wa. Ìbéèrè àti ìdáhùn nìkan ni, àwa olùgbọ́ la ó fi ọwọ́ ara wa to ìyókù jọ.

Orin yìí ti rìn jìnnà. Ní 1765, ẹnì kan tó máa di bíṣọ́ọ̀bù lọ́la, tó ṣì jẹ́ àlùfáà lásán nígbà náà, Thomas Percy, tẹ ẹ̀dà kan nínú rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Herder, onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn. Ìtumọ̀ Herder yìí ni Johannes Brahms kà kó tó kọ orin dùùrù kan ní 1854, tí àwọn ọlọ́lá ń wọ aṣọ dúdú lọ gbọ́ nínú gbọ̀ngàn títí di òní. Ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n Francis James Child náà fi í sínú àkójọ orin ìtàn 305 tó tẹ̀ jáde láàárín 1882 sí 1898, òun ni nọ́ńbà 13. Child gbà pé àwọn orin wọ̀nyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu ènìyàn, inú ìwé àtijọ́ ni èyí tó dára nínú wọn kù sí. Ọdún 1898 yẹn náà, Maria Stewart wà láyé ní Scotland. Kò sẹ́ni tó rán sí i.

Nínú ẹ̀dà Percy, ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀ níkẹyìn, ó fi í gégùn-ún, a sì wá mọ̀ pé ìyá ló kọ́ ọ ní ìkà. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti yin òpin yìí lọ jàra. Nínú ti Jeannie, kò sí ègún. Ìyá kàn jẹ́ ìyá tó ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: mo fara mọ́ ti Jeannie. Òpin ti Percy ń yà ni lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ti Jeannie kì í kúrò lára èèyàn.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọ̀mọ̀wé kò wá orin dé agbègbè Aberdeen rí. Nínú gbogbo ẹ̀dà tí Child lò, ó fi ti Anna Gordon ṣíwájú, ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan ní Aberdeen, tí wọ́n bí ní 1747. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé pẹ̀lú, olùkọ́ kan, Gavin Greig, àti àlùfáà kan, James Duncan, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin jọ ní ìgbèríko ibẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn onílé ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù. Ìdí àgọ́ ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yà sí. Ohun tó sì fà á tí orin fi dúró níbẹ̀ pẹ́ kò ṣòro: ẹni tí ìlú kì í pè sí òde àríyá rẹ̀, òde tirẹ̀ ni yóò ṣe, ohun tí baba àti ìyá rẹ̀ mọ̀ ni yóò sì máa fi ṣe é.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Hamish Henderson ni. Blairgowrie ni wọ́n ti bí i ní 1919, ìlú tí àwọn Arìnrìn-àjò ti máa ń péjọ lọ́dọọdún láti ká èso rásíbẹ́rì, Jeannie náà sì wà lára àwọn tó máa ń lọ síbẹ̀. Akéwì ni, ó jẹ́ ọ̀gá ológun tó ṣe iṣẹ́ òtẹlẹ̀múyẹ́ ní Àríwá Áfíríkà àti ní Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1951, Alan Lomax dé láti Amẹ́ríkà tòun ti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, Henderson sì mú un kiri Scotland. Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Edinburgh dá ilé ẹ̀kọ́ nípa àṣà Scotland sílẹ̀, Henderson sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń bá wọn gba orin sílẹ̀. Òṣèlú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tálákà, kì í sì í bẹ̀rù láti jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ìlú kẹ̀yìn sí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, n kò rò pé ẹ̀rọ rẹ̀ ì bá wúlò fún un.

Ọjà Castlegate ní àárín Aberdeen ló ti ń bi àwọn ènìyàn léèrè: ta ló mọ orin àtijọ́? Orúkọ kan náà ló ń gbọ́. Ó tọ ọ̀rọ̀ yìí lọ títí ó fi dé òpópónà tí wọ́n ń pè ní Causewayend. Jeannie ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, àlejò kò sì sí lára ohun tó ń wá lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kó lé e padà, ni Henderson bá mẹ́nu ba The Battle of Harlaw, orin ogun kan tí wọ́n jà ní 1411, kò jìnnà sí Aberdeen níbẹ̀. Jeannie kò lè gbọ́ orin yẹn kó dákẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí. Ó mú un wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ wọn lórí.

Mo mọ̀ pé irú ìtàn báyìí máa ń dùn sí i bí ọdún bá ṣe ń gorí rẹ̀. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé Henderson kò lè wọlé láìjẹ́ pé òun náà mọ orin. Ìdánwò kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, Jeannie ló sì jókòó sípò olùkọ́.

Láti ìgbà náà, nǹkan yára. Nígbà tó máa fi di oṣù Bélú ọdún yẹn kan náà, Jeannie ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé tí Lomax ń gbé, tó ń kọrin sínú ẹ̀rọ, tó ń pa àlọ́, tó ń dáhùn ìbéèrè nípa ìyá rẹ̀ àti ojú ọ̀nà. Ẹ fojú inú wo obìnrin tí ọlọ́pàá lè lé kúrò létí ọ̀nà nílẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà wá jókòó níwájú rẹ̀, tó ń ní kó tún un sọ. Ilé iṣẹ́ Riverside ní Amẹ́ríkà gbé àwo rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1950 sí 1960, Topic ti Lọ́ńdọ̀nù sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1959. Ní 1955, Henderson gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn Arìnrìn-àjò nínú oko rásíbẹ́rì Blairgowrie, níbi tí ìdílé Stewart, ìdílé olórin kan láàárín wọn, wà, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn gbé agolo sábẹ́ omi tó ń dà láti orí òkè ńlá. Ilẹ̀kùn kan tó ṣí ní Causewayend ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dojú kọ.

Àwọn ọ̀dọ́ wá ń tọ Jeannie lọ. Ray Fisher, ọmọbìnrin kan láti Glasgow, lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láti kọ́ orin, òun náà sì di gbajúmọ̀. Ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ ń rú jáde ní ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é kó wá kọrin, ó ń lọ. Níbí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣí etí yín. Orin tí wọ́n ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tí ọmọ ń sunkún, tí ẹnì kan ń dá sí i, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú orin tí wọ́n ń kọ níwájú àwọn àlejò tí wọ́n dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Ẹni tó bá fi ohùn rẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ wé ti ìgbẹ̀yìn yóò gbọ́ pé ó ń falẹ̀ sí i, ó ń wúwo sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń fún ní àyè tirẹ̀. Àwọn kan sọ pé ìtàgé ló ba orin náà jẹ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìyá James Hogg, akéwì ilẹ̀ Scotland, ti sọ fún Walter Scott, òǹkọ̀wé tó ń kó irú orin bẹ́ẹ̀ jọ, láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì ó lé sẹ́yìn pé títẹ orin sínú ìwé ti bà á jẹ́, síbẹ̀ orin kò kú. Jeannie rí irú olùgbọ́ tí ìyá rẹ̀ kò rí rí, ó sì mọ ohun tó ń ṣe sí wọn. Bí ó bá fẹ́ kí gbọ̀ngàn dákẹ́, ó mọ bí yóò ṣe mú un dákẹ́.

Ní 1968, ìjọba Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Òfin 1865 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà nínú ìwé òfin lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní oyè yẹn.

Ọmọ rẹ̀, Lizzie Higgins, kò bá a rìn lójú ọ̀nà yẹn kíákíá. 1929 ni wọ́n bí i. Nílé-ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìran rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà títí ìwé fi sú u, ó sì lọ ń la ẹja ní ilé iṣẹ́ ẹja, níbi tí ọ̀pọ̀ obìnrin Aberdeen ti ń jẹun. Ó ń wo bí òkìkí ṣe ń pariwo yí ìyá rẹ̀ ká, kò wù ú. Ọdún 1967 ló tó gbà láti kọrin ní gbangba, níbi àjọ̀dún orin kan ní Aberdeen. Nígbà tó wá ṣí ẹnu, àwọn tó rò pé àwọn máa gbọ́ Jeannie kékeré ṣìnà. Donald Higgins, ọkọ Jeannie, jẹ́ afunfèrè, fèrè alápò awọ ti àwọn ará Scotland, ara fèrè bàbá rẹ̀ yìí ni Lizzie ti mú bó ṣe ń yí ohùn, tó ń já a wẹ́wẹ́, tó ń fi ohùn kéékèèké ṣe orin lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sípò àkọ́kọ́, ohùn ni Lizzie fi síbẹ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí ilé ẹ̀kọ́ Edinburgh gbà sílẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, lábẹ́ orúkọ Tobar an Dualchais, ọ̀fẹ́ sì ni. Orin ìfẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní What a Voice. Ó wà nínú àwo tí Topic gbé jáde fún Jeannie ní 1959. Nígbà tí Lizzie ń gbé àwo tirẹ̀ jáde ní 1985, ọdún kẹwàá lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, orúkọ orin yẹn ló fi sọ àwo náà. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ìyá, kí ẹ tó wá gbọ́ ti ọmọ, kí ẹ sì wá sọ fún mi bí ẹ bá rò pé orin kan náà ni.